Ọjọ́ Tí Mo Yọ Fáànù Aláìsàn Torí Páásíwọ́ọ̀dù

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ tí màmá kan sọ fún mi ò kúrò létí mi. Mo lè wà nídìí ọbẹ̀, mo lè wà nínú mọ́tò ní Mọ́kọ́lá níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti mú wa mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á kàn ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Màmá yẹn ò pariwo, kò bú mi, ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Ṣé ẹ ti bi í pé báwo lara ẹ̀?"

Ọmọ ẹ̀ ló ń bá wa mójú tó gbogbo nǹkan kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù òògùn wa n'Ìbàdàn. Ínjíníà la máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é níbí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta la ní, òun nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe so pọ̀: server (kọ̀ǹpútà tí gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà wa wà lórí ẹ̀), ráútà, kámẹ́rà, ìkànnì wa, WhatsApp tí oníbàárà ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mo mọ̀ pé àìmọye wa tá a ní ṣọ́ọ̀bù, iléèwé, ilé ìtẹ̀wé, ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, la ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé tí ò bá wá lọ́la, a ò mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ tèmi síta.

Sátidé yẹn

Ọjọ́bọ̀ lálẹ́ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kó tó di àárọ̀ Jímọ́ọ̀ wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àpẹ́ńdíìsì ló fẹ́ bẹ́. A gbọ́, a gbàdúrà, mo fowó ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀, mo ní màá wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Àfìgbà tó di àárọ̀ Sátidé, NEPA mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, ìgbà tí iná máa fi dúró, server tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Bódìjà ti kú. Nígbà tí wọ́n sì jàjà tàn án padà, software tá a fi ń tajà ní àfi ká wọlé látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ò bá sí nídìí òògùn lè má mọ bó ṣe rí. Látìgbà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní June 2023 ni iye òògùn ò ti dúró sójú kan mọ́, kò sẹ́ni tó mọ iye nǹkan sórí mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ wà. Inú ẹ̀ náà la ti ń mọ páálí tó fẹ́ lé ọjọ́ tá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbagidi. Bàbá kan wá ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyàwó ẹ̀, ó dúró títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe òògùn yẹn ni mò ń wò lórí pẹpẹ yìí?" Òun náà ni. A ò kàn mọ iye tá a máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Mo wọ mọ́tò, ó di ọsibítù. Ọmọ yẹn dùbúlẹ̀, ètè ẹ̀ gbẹ, ojú ẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Fáànù kékeré tí màmá ẹ̀ gbé wá látilé ló ń fẹ́ sí i lára. Mo kí màmá, mo yíjú sí i, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ínjíníà, páásíwọ́ọ̀dù yẹn dà?"

Ó gbìyànjú. Ó ń sọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní ìkẹta yẹn lẹ́tà ńlá ni, mo ń fi bíró kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo pe Bódìjà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó gbà, ṣùgbọ́n software tún ní òun ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù Ínjíníà, ká mú un wá. Fóònù ẹ̀ wà nínú báàgì màmá ẹ̀, ó ti kú látàná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, fáànù ló sì wà níbẹ̀. Mo yọ fáànù, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lé kí fóònù tó tàn, òógùn ń yọ níwájú orí ọmọ yẹn, màmá ẹ̀ bọ́ ìborùn léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ìyìn tá a fi dè é

Ọjà padà ń lọ kó tó di aago méjì. Ọkọ mi ní ká dúpẹ́, mi ò rí ọpẹ́ dá. Ohun tí mò ń rò ni pé báwo lèmi, tí mo ti bímọ mẹ́ta, ṣe dẹni tó ń yọ fáànù ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Mo ronú sẹ́yìn, mo rí i pé àwa la kọ́ ilé yẹn ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ gba ìkànnì, ọwọ́ mi dí, mo ní kó lo ímeèlì ẹ̀. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ ṣí WhatsApp fún ọjà, síìmù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò lò, a lo ìyẹn. Kámẹ́rà, fóònù ẹ̀ ló wà. Kò jí ìkankan níbẹ̀, àwa la ń kó wọn lé e lọ́wọ́. Nígbà tó sì sọ fún mi lọ́dún kejì pé òun fẹ́ ẹnì kan tó máa ran òun lọ́wọ́, mo ní iṣẹ́ ò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bá a ṣe wá ń san án padà ni pé ká máa yìn ín. Níbi àríyá òpin ọdún, màá dìde, màá ní "Tí ò bá sí Ínjíníà, a ti wọgbó," gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, òun náà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo àkókò yẹn, ọdún 4 gbáko, kò gba lífì rí. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, kí wọ́n sì san owó ẹ̀ pé. Èmi ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gbẹ̀tọ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni.

Àwọn tó ń kọ software níbi gbogbo lágbàáyé ní ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Wọ́n á ní, èèyàn mélòó ló máa wà tí bọ́ọ̀sì á gbá kí iṣẹ́ yìí tó dúró? Tó bá jẹ́ ẹnì kan, ẹ wà nínú ewu. Mo gbìyànjú ẹ̀ nínú ìpàdé wa, akáǹtántì wa fi ọwọ́ yí orí ká, ó ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi, a kì í fẹnu ara wa pe ibi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdí kan nìyẹn tá a kì í fi í múra sílẹ̀, torí pé ìbéèrè yẹn ń jọ èpè lẹ́nu wa. Mo wá yí i padà, mo ní, "Tí físà ẹ̀ bá jáde lọ́la ńkọ́?" Háà! Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀. Ta ni ò mọ ẹni tó ti jápa lójijì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tó jẹ́ pé pápákọ̀ òfuurufú ló ti tẹ ọ̀gá ẹ̀ láago?

Ìlú ńlá gan-an kó sí i

Kò mọ sórí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terry Childs ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìjọba ìlú náà tí wọ́n ń pè ní FiberWAN, òun nìkan ló sì ní páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Ní July 2008, òun àtàwọn ọ̀gá ẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé mọ́, wọ́n ní kó mú un wá, ó kọ̀, ó gbà pé wọ́n máa ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà jẹ́ ni, wọ́n tì í mọ́lé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kò sẹ́nì kan nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú yẹn tó lè wọ inú ẹ̀ lọ tún ohunkóhun ṣe. Mayor ìlú náà, Gavin Newsom tó wá di gómìnà California ní 2019, ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bá a lẹ́wọ̀n kó tó gbé páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ní 2010 wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 4.

Ilé ẹjọ́ ti sọ tiwọn. Èmi ń wo àwọn ọ̀gá ẹ̀. Ó pẹ́ kí nǹkan tó dà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ẹnì kan máa fi dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìlú dì mọ́wọ́, wọ́n rí i, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí ọmọ yẹn mọṣẹ́, kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n jà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

"Kí ló kù tí ẹ ó fi máa wá mi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tó ti ń rìn dáadáa, mo pè é jókòó. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, ó ń sọ pé "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà, ó ti tán," mo ní rárá, kò tíì tán. Mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ kí gbogbo ohun tó mọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹlòmíì kọ́ ọ.

Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbórí sókè, ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí ló kù tí ẹ ó fi máa wá mi?"

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní òṣìṣẹ́ fetí sí ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wa ti ń fọ́. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ kọ́ ẹlòmíì, bí ẹni ń gba ẹrù lórí ẹni tó jí i. Ọmọ náà ò ya òmùgọ̀. Ó ti rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́ tán tí wọ́n ní kó máa lọ. Ohun tó wà lórí ẹ̀ yẹn nìkan ni ìdúró ẹ̀, àwa la sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí ìwé àdéhùn kankan láàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹnu la fi gbà á síṣẹ́.

Nítorí náà ìwé àdéhùn la kọ́kọ́ ṣe kí ìwé kankan tó tẹ̀ lé e. Ọdún méjì, a fi kún owó oṣù ẹ̀, ọjọ́ lífì ẹ̀ wà níbẹ̀ ní dátì, àti pé òun lọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, kíkọ́ àwọn tó kù wà lára ohun tá à ń sanwó ẹ̀ fún un. Ó kà á délẹ̀, ó béèrè ìbéèrè méjì, ó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Owó ni o, mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn wá lápò. Ṣùgbọ́n ohun tá a pàdánù lọ́jọ́ Sátidé kan yẹn ò kéré, àti pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwọn bàbá wa àti ìyá àgbà mi

Mo ń ronú nípa bí ilẹ̀ wa ṣe ń tọ́jú ìmọ̀ nígbà tí ò sí bíró. L'Ọ̀yọ́, ìtàn ọba ò sí lórí ẹnì kan, arọ́kin ló wà nídìí ẹ̀, ìdílé wọn ni, ẹni kan á kú, ìtàn á dúró. Àwọn babaláwo náà, Odù 256, ẹsẹ ò lóǹkà, orí ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láwùjọ, àwọn yòókù ló ń dá a lóhùn, tó bá sì ṣì í, wọ́n á dá a dúró pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe lágbára tó. Ohun kan náà wà lórí èèyàn púpọ̀, wọ́n sì ń yẹ ara wọn wò ní gbangba.

A tún ní ìdàkejì ẹ̀. Ìyá àgbà mi mọ àgbo kan tó ń fún ọmọdé tí ara ẹ̀ bá ń gbóná, gbogbo àdúgbò ló ń wá gbà á. Ewé inú ẹ̀ ju méje lọ, mẹ́ta péré ni màmá mi mọ̀, torí ìdájí ni ìyá àgbà máa ń lọ já a, òun nìkan. Ó ń bẹ̀rù pé tí òun bá sọ ọ́, wọn ò ní wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ó kú tán, àgbo tán. Èmi tí mò ń ta òògùn òyìnbó lónìí, ewé mẹ́ta yẹn ò tó mi fi ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Ínjíníà bi mí léèrè yẹn, ohùn ìyá àgbà ni mo gbọ́.

Bọ́tìnì tí ò sí nínú ìwé

Ìwé aláwọ̀ búlúù kan ni, páálí ẹ̀yìn ẹ̀ le. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́, ó mọ́, ó ya àwòrán wáyà sí i. Mo rò pé a ti parí. Ọkọ mi ló ní kò tíì tán, pé ẹ jẹ́ ká pa server lọ́jọ́ Sunday tí a kì í tajà, kí kaṣíà wa fi ìwé yẹn tàn án, kí Ínjíníà jókòó, kó má sọ̀rọ̀, kó má tọ́ka.

Kaṣíà ka ìlà àkọ́kọ́: tan ínfátà. Ó tàn án. Ìlà kejì: tan server. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìwé, ó wo wáyà, ó wo Ínjíníà, Ínjíníà ti fọwọ́ bo ẹnu, ojú ẹ̀ là kalẹ̀. Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́yìn UPS, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún server, ẹni tó bá fẹ́ tan server gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Fún ọdún 4, tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ìka ẹ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Báwo ló ṣe máa kọ ohun tí ò mọ̀ pé òun mọ̀?

Ihò mẹ́sàn-án la rí lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti backup. Ẹ̀dà kan wà, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ló wà, tí iná bá mú ibẹ̀, méjèèjì ló máa jóná. Nígbà tá a sì gbìyànjú láti dá fáìlì padà látinú ẹ̀, oṣù méjì ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan jìnnà sí ilé. Ohun tá à ń ṣe báyìí nìyẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó parí oṣù, kaṣíà á dá fáìlì kan padà láti fi dán an wò. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Páásíwọ́ọ̀dù ò sí nínú ìwé búlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, torí orúkọ aláìsàn àti òògùn tí wọ́n ń lò wà lọ́dọ̀ wa. Inú àpòòwé tá a lẹ̀ pa ló wà, nínú séèfù, èmi àti akáǹtántì la ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá já a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti ìdí. Ibẹ̀ náà ni kóòdù ìwọlé 10 tí Google máa ń fúnni fún ọjọ́ tí fóònù ò bá sí wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni. Ká ní mo ti tẹ nǹkan bẹ́ẹ̀ síwèé tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ohun tá à ń lò ni, fáànù ọmọ yẹn ì bá máa fẹ́. Ìkànnì wa ti kúrò lórí ímeèlì ẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, torí ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà lórí ìforúkọsílẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìkànnì mọ̀.

Mi ò gba ẹlẹ́ẹ̀kejì síṣẹ́, agbára wa ò tíì gbé e. Kaṣíà ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, a sì bá ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n mọ ilé wa kó tó di ọjọ́ ìṣòro. Ínjíníà fúnra ẹ̀ ló yàn wọ́n.

Ó lọ lífì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ bá màmá ẹ̀ n'Ìṣẹ́yìn. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè iná tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe, server kú. Kaṣíà mú ìwé búlúù, ó gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó pẹ́ ju bí Ínjíníà ṣe máa ṣe é lọ dáadáa, oníbàárà méjì bínú lọ. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí n pè é, mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tó dé, ó ṣí ìwé, ó rí i pé kaṣíà ti fi bíró pupa kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kẹrin pé wáyà tó ní funfun yẹn, àwọ̀ eérú ni. Ó lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn lọ wò ó. Àwọ̀ eérú ni lóòótọ́.

Nọ́ńbà WhatsApp ọjà ṣì wà lórí síìmù ẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè lèmi àti ẹ̀ jọ ń lọ yí i padà.